William Garner Sutherland

William Garner Sutherland (27 oṣù kẹta 1873 – 23 oṣù kẹsàn-án 1954) jẹ́ oníṣègùn osteopathy ọmọ Amẹ́ríkà. Òun ló kọ́ àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe lè fi ọwọ́ tọ́jú eegun agbárí. Andrew Taylor Still ló dá ìṣègùn osteopathy sílẹ̀, tó sì ṣí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Kirksville, ìpínlẹ̀ Missouri, ní 1892. Still ti fìgbà kan polówó ara rẹ̀ bí ẹni tó ń to eegun, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó gbà pé bí eegun, iṣan àti oríkèé bá wà ní ipò wọn, ẹ̀jẹ̀ á ráyè rìn, ara á sì lè wo ara rẹ̀ sàn.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Portage County ní Wisconsin ni wọ́n bí i sí. Ó bá àwọn atẹ̀wé ṣiṣẹ́ ní ìlú Blunt, South Dakota, nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì di akọ̀ròyìn ní Austin, Minnesota. Ní 1898 ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ Still, ó sì gboyè ní 1900.

Agbárí Kirksville

Ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, agbárí kan wà tí wọ́n ti tú eegun rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè wò ó. Ibi tí eegun ẹ̀bátí ti pàdé eegun sphenoid ni ojú Sutherland bọ́ sí. Etí àwọn eegun náà kò gún. Ó dà gẹ̀rẹ̀, ọ̀kan gorí èkejì, bí ibi tí ẹja fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Ó wá sọ sí i lọ́kàn pé ohun tí a ṣe báyìí, a ṣe é kó lè máa mira ni. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ wọn nígbà náà kò gbà bẹ́ẹ̀: eegun agbárí àgbàlagbà ti so pọ̀ mọ́ra. Òun náà gbìyànjú láti gbé èrò yìí kúrò lọ́kàn, kò lọ.

Nígbà tó ti ń ṣiṣẹ́ ìṣègùn ní Mankato, Minnesota, ó pinnu láti fi hàn pé àwọn eegun náà kò lè mira, orí ara rẹ̀ ló sì fi dán an wò. Ó lo abọ́ onígi, ìbọ̀wọ́ àwọn tó ń gbá baseball, àti àkẹtẹ̀ aláwọ tí àwọn agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ń dé, ó so okùn mọ́ wọn, ó sì ń fún wọn mọ́ apá kan orí rẹ̀ lẹ́yìn òmíràn. Bó bá fún ibì kan, orí á fọ́ ọ. Bó bá fún ibòmíràn, ìṣesí rẹ̀ á yí padà. Púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa èyí wá láti inú With Thinking Fingers, ìwé tí Adah ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1962, nítorí náà ẹ jẹ́ ká kà á bí ẹ̀rí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀.

Iṣẹ́ olùkọ́

Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ tirẹ̀. Ó kọ àwọn àròkọ kéékèèké, ó sì fi orúkọ àwàdà kan, Blunt Bone Bill, sí abẹ́ wọn. Ní 1939 ó tẹ ìwé kékeré kan jáde, The Cranial Bowl. Díẹ̀ làwọn tó kọbi ara sí i. Inú àwọn ọdún 1940, nígbà tó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún dáadáa, ni àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọwọ́ ni ó fi ń kọ́ni. Aláìsàn á dùbúlẹ̀ ní ẹ̀yìn, dókítà á jókòó síbi orí rẹ̀. Ìka ìfábẹ̀lá á wà lẹ́yìn igun ojú, ìka kékeré á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpàkọ́, méjì tó kù á gba iwájú àti ẹ̀yìn etí, àtàǹpàkò méjèèjì á sì pàdé lókè orí. Lẹ́yìn náà, kí ó dúró jẹ́ẹ́, kó má tẹ nǹkan kan. Ohun tó ń wá ni ìrìn kan tó yàtọ̀ sí èémí àti sí ìlù ọkàn. Sutherland sọ pé nǹkan márùn-ún ló para pọ̀ di ìrìn náà: ọpọlọ àti okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn, omi tó yí wọn ká, awọ tó bò wọ́n, eegun agbárí, àti eegun ìdí.

Harold Magoun, tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kó ẹ̀kọ́ náà sínú ìwé ńlá kan ní 1951. Ní 1953 ni wọ́n dá Sutherland Cranial Teaching Foundation sílẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Sutherland kú ní Pacific Grove, California. Anne Wales, ọ̀kan lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ṣàtúntò àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fún títẹ̀ ní 1990.

Awuyewuye

Kò sí ìfohùnṣọ̀kan lórí bóyá eegun agbárí àgbàlagbà ń mira tó ohun tí ọwọ́ lè mọ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀yà ara kan gbà pé ojú ibi tí eegun ti pàdé lè yọ̀ǹda díẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Àwọn mìíràn ní ohun tó bá kù kéré jù láti ṣe ìwòsàn kankan. Èyí tó mú àtakò náà lágbára jù ni ìwádìí tí wọ́n ti ní kí àwọn tó mọṣẹ́ náà fọwọ́ kan orí ẹnì kan náà: iye ìgbà tí ọ̀kan ní ìrìn náà wáyé sábà máa ń yàtọ̀ sí ti èkejì. Àwọn alátìlẹ́yìn ní aláìsàn ń rí ìtura. Ìyẹn lè jóòótọ́ kí àlàyé rẹ̀ má sì jóòótọ́.

John Upledger, òun náà DO (dókítà osteopathy), mú ẹ̀kọ́ tó jọ èyí lọ fún àwọn tí kì í ṣe dókítà láti nǹkan bí ọdún 1980 wá, lábẹ́ orúkọ craniosacral therapy, inú àwọn kan lára ọmọ ẹ̀yìn Sutherland kò sì dùn sí i. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọdún ni akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ gba ìwé àṣẹ DO fi ní láti mọ orúkọ àwọn ìrìn agbárí tí Sutherland kọ́ni, torí ìdánwò máa ń béèrè wọn.