Àwọn Tí Ó Sọdá Ààlà ní Kétu Nígbà Ogun 1914

Nínú ìtàn tí àwọn àgbà Kétu ń sọ nípa ogun 1914 sí 1918, ìró ìbọn kò pọ̀. Òru ni wọ́n máa ń sọ: òru tí ọ̀dọ́mọkùnrin di ẹrù rẹ̀, tí ó gba ọ̀nà ìlà-oòrùn lọ sí Mẹ́kọ tàbí Ìlárá, tí ìyá rẹ̀ sì sọ fún ońṣẹ́ ìjọba ní òwúrọ̀ pé ọmọ ti lọ sóko.

Kétu kò tíì gbàgbé ìparun rẹ̀ nígbà náà. Dahomey fọ́ ìlú náà ní 1886, ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Ọdún 1894, lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Abomey, ni Alákétu Onyegen tó gorí ìtẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó tún ìlú kọ́ ti wà ní ìgbèkùn rí. Nígbà tí Faransé wá ń béèrè ọmọkùnrin fún ogun òkè òkun, ta ni yóò dá wọn lẹ́bi bí wọ́n bá rò pé ìkónilẹ́rú ni ó tún padà dé?

Faransé kì í sábà wọ agbo ilé fúnra rẹ̀. Iye ènìyàn tí ó fẹ́ ni ó ń sọ. Olóyè ni yóò wá wọn rí. Ẹrù yìí ni ó ba orúkọ Àlàbá Ida jẹ́, aya ọba tí Faransé fi ṣe olórí àgbègbè Kétu. Kí ogun tó parí, Faransé kan náà ni ó yọ ọ́. Ìdájọ́ ìlú lórí obìnrin yìí le, ó le ju èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn tí ó rán an níṣẹ́ lọ.

Àwọn Ọ̀họ̀rí, tí ilẹ̀ ẹrẹ̀ wọn ṣòro fún ọmọ ogun láti wọ̀, dìde láti jà. Ní ti Kétu, ààlà ni ìsádi wọn. Àdéhùn Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti 1889 ti gé ilẹ̀ Alákétu sí méjì láìbi ẹnikẹ́ni. Mẹ́kọ bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlà tí ó ya ẹbí nípá yìí náà ni ó wá gba ọmọ wọn là. Títí di 1918, Gẹ̀ẹ́sì kò tíì gba owó orí ní apá Abẹ́òkúta, àwọn tí wọ́n sì bá ní Mẹ́kọ kì í ṣe àjèjì.

Lójú ìjọba, ìsáǹsá ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ wọn kò padà mọ́. Nígbà tí òfin fi òpin sí iṣẹ́ àfipáṣe ní 1946, ọmọ àwọn tí ó sọdá ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé, ọmọ àbúrò bàbá wọn ní Kétu sì ń kọ́ Faransé. Bí òkú àgbà bá sùn, ońṣẹ́ ṣì ní láti rékọjá ààlà kí ẹbí tó pé.