Future Prowess: Ilé Ìwé Tó Gba Ọmọ Ọ̀tá Méjì ní Maiduguri

Lọ́dún 2007, ọmọ 36 péré ni lọ́yà kan ní Maiduguri, Zannah Mustapha, kó jọ láti fi bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé tó pè ní Future Prowess. Ọmọ òrukàn àti ọmọ tálákà ni wọ́n. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: aṣọ ilé ìwé, oúnjẹ, ìtọ́jú nígbà àìsàn, ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ogun Boko Haram kò tíì bẹ́ sílẹ̀ nígbà náà. Ìṣẹ́ ló kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ náà wá síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ti di àríyànjiyàn ní Borno, ìpínlẹ̀ tí Maiduguri wà, ṣáájú ìgbà yẹn. Ọ̀pọ̀ òbí ibẹ̀ ni kì í fi ọmọ síbòmíràn ju ilé kéú lọ, torí wọ́n ń bẹ̀rù pé ìwé òyìnbó á gba ẹ̀sìn lọ́wọ́ ọmọ wọn. Ẹ̀rù yìí kò ṣàjèjì sí àwa Yorùbá náà. Òun ló wà lára ohun tó mú kí àwọn Mùsùlùmí Èkó dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ lọ́dún 1923, nígbà tó jẹ́ pé ilé ìwé àwọn ìjọ Kristẹni ló gbòde kan, tí ọmọ Mùsùlùmí tó bá wọ ibẹ̀ sì lè yí ẹ̀sìn padà kó tó jáde. Wọ́n kọ́ ilé ìwé tiwọn, wọ́n sì jẹ́ kí Kùránì àti ìwé òyìnbó jọ máa gbé abẹ́ òrùlé kan. Ní Maiduguri, Mohammed Yusuf, olórí Boko Haram, wàásù pé èèwọ̀ ni ìwé òyìnbó, èrò sì rọ́ tẹ̀ lé e. Ọ̀nà tí Mustapha yàn sún mọ́ ti Èkó: ọmọ kan náà ló ń kọ́ Kùránì àti Lárúbáwá, tó tún ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Òbí tó bá ń bẹ̀rù fún ẹ̀sìn ọmọ rẹ̀ kò rí nǹkan kan tako níbẹ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 2009, ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ láàárín Boko Haram àti àwọn agbófinró. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn kú. Ọwọ́ ọlọ́pàá ni Yusuf wà nígbà tí wọ́n pa á. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tó kú fi ìyàwó àtọmọ sílẹ̀, ta ló sì fẹ́ gba ọmọ irú wọn sí kíláàsì? Mustapha gbà wọ́n. Ó tún gba ọmọ àwọn ṣọ́jà àti ọlọ́pàá tí ogun náà pa, ó jẹ́ kí gbogbo wọn jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà.

Lójú tèmi, ibí yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ àlàáfíà ilé ìwé náà wà. Ọmọ tí agbésùnmọ̀mí pa bàbá rẹ̀, àti ọmọ tí ṣọ́jà pa bàbá tirẹ̀, aṣọ kan náà ni wọ́n ń wọ̀, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ, olùkọ́ kan náà ló ń pe orúkọ wọn láàárọ̀. Ẹni tí wọ́n sọ fún ọ nílé pé ẹbí rẹ̀ ló sọ ọ́ di aláìníbaba, ọwọ́ rẹ̀ lo ti fẹ́ yá rọ́bà láti fi nu ìwé rẹ. Àwọn kan lè ní kí ló dé tí a ó máa fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kẹ́ ọmọ apààyàn. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò pa ẹnikẹ́ni. Bí a bá lé e, ẹni tí yóò gbà á wà nínú igbó Sambisa, ibùba Boko Haram.

Àwọn ìyá pàápàá kò gbẹ́yìn. Mustapha kó àwọn opó jọ sínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan, ó sì ran opó tó lé ní 600 lọ́wọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ogun wá dojú kọ ilé ìwé gan-an. Boko Haram pa akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Mamudo lọ́dún 2013, wọ́n tún pa àwọn mìíràn ní Buni Yadi ní oṣù Kejì ọdún 2014. Ní oṣù Kẹta, ìjọba Borno ti gbogbo ilé ìwé girama. Ní oṣù Kẹrin, Boko Haram kó akẹ́kọ̀ọ́bìnrin 276 lọ ní Chibok. Nígbà tó fi máa di 2017, UNICEF ṣírò olùkọ́ tí wọ́n ti pa láti 2009 sí 2,295, ilé ìwé tí wọ́n bà jẹ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,400. Ní gbogbo àsìkò yìí, Future Prowess ń kọ́ ọmọ lọ.

Mustapha wà lára àwọn tó bá Boko Haram dúnàádúrà lórí àwọn ọmọ Chibok. Wọ́n tú 21 sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016, wọ́n tún tú 82 sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017. Ìjọba Switzerland àti Red Cross náà lọ́wọ́ sí i. Mo gbà pé ilé ìwé rẹ̀ ló sọ ọ́ di ẹni tí tọ̀tún tòsì lè gbọ́ tirẹ̀: ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú ọmọ wọn kó tó bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn.

Lọ́dún 2017 yìí kan náà ni UNHCR, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ogunléndé, fún un ní ẹ̀bùn Nansen. Akẹ́kọ̀ọ́ ti di 540, ilé ìwé kejì sì ti ṣí ní 2016. Orúkọ tó lé ní 2,000 ṣì ń dúró de àyè lọ́dún yẹn. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nínú wọn nígbà náà ti ń di géńdé báyìí, ó ti tó ẹni tí wọ́n lè gbé ìbọn lé lọ́wọ́.