Ọ̀fẹ́ Yàtọ̀ sí Òmìnira: Ìtàn Àwọn Ètò Kọ̀ǹpútà Tí A Fi Ń Kọ Orin

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin àwọn elédè náà fúnra wọn. Ọ̀rọ̀ náà ni “free”. Òun ni wọ́n fi ń pe ohun tí a kò san owó fún, òun náà ni wọ́n sì fi ń pe ẹni tí kò sí lábẹ́ àjàgà ẹnikẹ́ni. Yorùbá ti là á sọ́tọ̀ ní tirẹ̀: ọ̀fẹ́ ni ti àkọ́kọ́, òmìnira ni ti èkejì. Ìyàtọ̀ yìí ni n ó fi ṣe àtùpà bí a ti ń wo ìtàn àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ orin, tí a sì fi ń tún un ṣe.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1983, Richard Stallman ará Amẹ́ríkà kéde iṣẹ́ kan tí ó pè ní GNU. Ní 1989, ó gbé ìwé àṣẹ GPL jáde. Ìwé yìí fún ẹni tí ètò bá dé ọwọ́ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti lò ó bí ó ti wù ú, láti wo inú rẹ̀, láti tún un ṣe, àti láti pín in fún ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá tún un ṣe tí ó sì ń pín in kò gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ kan náà du àwọn tí ó fún. Àwọn àgbà ní àgbàtán ni à ń gba ọ̀lẹ. Bí a bá dá aṣọ fún un, a ó pa á láró. Ẹni tí ó fún wa ní ètò lọ́fẹ̀ẹ́ ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ kí a wo inú rẹ̀, aṣọ ni ó dá, kò pa á láró.

Ní 1996, àwọn ará Netherlands méjì, Han-Wen Nienhuys àti Jan Nieuwenhuizen, bẹ̀rẹ̀ LilyPond. Ìrísí ìwé orin tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ nígbà náà kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n fẹ́ kí ó lẹ́wà bí èyí tí àwọn oníṣẹ́-ọnà àtijọ́ fi ọwọ́ fín sára irin. Ẹni tí ó bá dàgbà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì nílẹ̀ wa kò ní í ṣe àjèjì sí i, nítorí ó jọ dò-re-mí tí a ń kọ sójú pátákó. Lẹ́tà ni a ó tẹ̀, nọ́ńbà yóò sì sọ bí ohùn yóò ti gùn tó. Ètò náà yóò ya àmì orin sórí ìlà márùn-ún fúnra rẹ̀. Kìkì pé “do” tirẹ̀ kì í ṣí kúrò lójú kan bí tiwa ti máa ń ṣí.

Ní 1999, ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Pittsburgh, akẹ́kọ̀ọ́ kan, Dominic Mazzoni, àti Roger Dannenberg tí ó jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ Audacity. Oṣù Karùn-ún ọdún 2000 ni ó dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn. Ohùn gan-an ni èyí ń bá ṣiṣẹ́: a ó gbà á sílẹ̀, a ó gé e, a ó sì yọ ariwo kúrò lára rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé ó lè mú kí orin rọra láìyí ohùn rẹ̀ padà. Ní ayé kásẹ́ẹ̀tì, bí a bá dín ìyára kù, ohùn ìyá-ìlù á wálẹ̀ títí a kò fi ní í dá a mọ̀ mọ́. Pẹ̀lú Audacity, akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ìlù tirẹ̀ tẹ̀lé dùndún náà díẹ̀díẹ̀, ní ohùn kan náà.

Ní 2002, Werner Schweer ará Jámánì yọ ẹ̀ka ìkọ̀wé-orin kúrò lára MusE, ètò tí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó sì sọ ọ́ di MuseScore. Mo máa ń fi í kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sábẹ́ orin pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé, kí akọrin má baà pe ọkọ́ ní ọkọ̀. Òun náà ni wọ́n fi kọ ìwé Goldberg Variations ti Bach tuntun, tí Kimiko Ishizaka sì fi dùrù tẹ orin náà. Àwọn ènìyàn ló dá owó iṣẹ́ yìí jọ. Ní 2012, wọ́n fi ìwé àti orin náà sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹ wò ó pé kì í ṣe ọ̀fẹ́ ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Owó ni wọ́n fi ra òmìnira fún un.

Ọdún méjì kan wá dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní 2021, ilé-iṣẹ́ Muse Group gba àkóso Audacity. Ariwo ta nígbà tí wọ́n fẹ́ kí ètò náà máa fi ìròyìn nípa bí a ti ń lò ó ránṣẹ́, wọ́n sì yí ìpinnu náà padà. Síbẹ̀, ọkàn àwọn kan kò balẹ̀. Wọ́n mú ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n sì fi dá Tenacity sílẹ̀. Wọn kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí GPL ti fún wọn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ MakeMusic kéde pé iṣẹ́ ti parí lórí Finale, ètò olówó tí àwọn akọrin ti ń lò láti 1988. Àwọn tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún san owó lé e lórí kò ní ẹ̀tọ́ láti mú inú rẹ̀ kí wọ́n sì máa tún un ṣe lọ. Ọ̀nà àbáyọ wọn ni láti yí fáìlì wọn sí MusicXML, ìlànà tí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ètò, kí MuseScore àti irú rẹ̀ lè kà á.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ orin ìbílẹ̀ sílẹ̀, ẹ má ṣe béèrè iye owó ètò nìkan. Ẹ béèrè pé bí ẹni tí ó ṣe é bá kógbá wọlé lọ́la, ta ni yóò lè ṣí fáìlì wa? Orin tí a gbà sílẹ̀ lẹ́nu àgbà tí ó ti lọ, a kò lè padà lọ gbà á lẹ́ẹ̀kejì.