CELTA

CELTA jẹ́ ìwé-ẹ̀rí Yunifásítì Cambridge fún olùkọ́ tuntun tí ó fẹ́ máa kọ́ àwọn elédè mìíràn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣẹ̀ wá láti inú ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ méjì tí John àti Brita Haycraft dá sílẹ̀ ní International House, Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1962. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó gbọ́ èdè ni ó mọ bí a ṣe ń fi kọ́ni. Nítorí náà, kò ní ìdánwò àṣekágbá. Olùkọ́ tuntun yóò wo àwọn onírìírí lẹ́nu iṣẹ́, yóò ṣe iṣẹ́ àkọsílẹ̀ 4, yóò sì fi wákàtí 6 kọ́ ojúlówó akẹ́kọ̀ọ́ lójú olùdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, tí yóò tọ́ka sí àṣeyọrí àti àṣìṣe rẹ̀.