Àmì-ayò

Lórí rédíò, a máa ń gbọ́ ọ pé: "Ó gbá àmì-ayò kan wọlé." Etí mi kì í gbà á. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá wọlé. Àmì kò ṣe é gbá.

Àmì ni ohun tí a fi ń sàmì sí nǹkan. Ayò, eré orí ọpọ́n, ti fẹjú di ìdíje gbogbo. Àpapọ̀ wọn ni iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ: "Ìlọrá na Fìdítì pẹ̀lú àmì-ayò mẹ́ta sí ẹyọ kan." (Kí ará Fìdítì má bínú, àpẹẹrẹ lásán ni.)

Góòlù ni wọ́n sábà ń fi rọ́pò rẹ̀. Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ìyàtọ̀ kò hàn: ní 1949, nígbà tí ikọ̀ Nàìjíríà na ẹgbẹ́ Marine ní ìtòsí Liverpool ní 5-2, góòlù méje ló wọlé, àmì-ayò sì jẹ́ márùn-ún sí méjì. Baseball, tí wọ́n ń fi igi gbá, ló ya wọ́n sọ́tọ̀. Ní October 8, 1956, Don Larsen ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Yankees, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn Dodgers, alátakò wọn, tó ráyè sá dé ibùdó àkọ́kọ́. 2-0 ni Yankees fi borí. Àmì-ayò méjì nìyẹn. Góòlù kankan kò sí, nítorí kò sí àwọ̀n.