Èsì Tó Ṣeé Kà

Lẹ́yìn ìbò ọdún 2023, èmi àti àbúrò mi kan jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Baṣọ̀run, kọ̀ǹpútà wà lórí itan rẹ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì tó wà nítòsí béèrè ohun tí à ń ṣe. Àbúrò mi ní, "Dátà ìdìbò là ń kó jọ, Mà." Ìyá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, tèmi ti tán láti àárọ̀."

A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìyá ò ṣì í gbọ́. Ohun tí à ń rà sórí fóònù ni dátà lẹ́nu wa. Ẹni tó bá fẹ́ fi pe nǹkan mìíràn ní láti ṣe àlàyé kún un.

Àlàyé náà rèé. Tí wọ́n bá dìbò tán ní ibùdó ìdìbò, wọn á kọ èsì sínú fọ́ọ̀mù EC8A: iye ìbò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, lẹ́yìn náà ní ọ̀rọ̀. Láti ọdún 2020 ni INEC, àjọ elétò ìdìbò, ti ń gbé fọ́tò fọ́ọ̀mù náà sórí ìkànnì rẹ̀ tó ń jẹ́ IReV, kí ẹni tó bá fẹ́ lè wò ó. Ṣùgbọ́n ibùdó ìdìbò 176,846 ló wà ní Nàìjíríà, fọ́tò ò sì ṣeé ròpọ̀. Ẹnì kan ní láti tẹ iye inú wọn sínú kọ̀ǹpútà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ OpenElections ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá, torí pé bó ṣe wu ìpínlẹ̀ kálukú níbẹ̀ ló ń gbé èsì tirẹ̀ jáde.

Kí la ó wá pe àwọn tó ń ṣe é láìgba kọ́bọ̀? "Olùyọ̀ǹda ara ẹni" tọ̀nà, àmọ́ ó gùn lẹ́nu. Àáró ò bá a mu: bí mo bá bá ọ ro oko lónìí, o máa bá mi ro tèmi lọ́la. Ọ̀wẹ̀ ló sún mọ́ ọn, àfi pé ẹni tó bá bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń fún àwọn tó wá lóúnjẹ. Oko ìlú lèyí, kò sẹ́ni tó máa se ẹ̀bà. Síbẹ̀, ọlọ́wẹ̀ ni mo máa pè wọ́n.

Dátà tí wọ́n ń pè ní "open" lédè Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Ṣé ká pè é ní "ṣíṣí sílẹ̀"? Ìkòkò tó bá ṣí sílẹ̀, eṣinṣin ló ń kó sí i. "Gbangba" dára díẹ̀, ṣùgbọ́n gbangba ni fọ́tò IReV náà wà. Ohun tí àwọn ọlọ́wẹ̀ ń wá ni èsì tí ọmọ ilé-ìwé, oníròyìn àti olóṣèlú lè gbé lọ sílé, kí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ tiwọn. Èsì àjùmọ̀lò nìyẹn. Gbangba ni ti ojú. Àjùmọ̀lò ni ti ọwọ́.

Ó wá ku dátà fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ kì í kọ iṣẹ́ tuntun. Ìbò tí à ń dì lónìí, ọ̀dọ̀ babaláwo ló ti wá: owó ẹyọ àti egungun tí ẹni tó wá dífá ń dì mọ́ ọwọ́, kí Ifá lè mú ọ̀kan. Mo ń ro èyí lọ́wọ́ nígbà tí àbúrò mi kígbe, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé 41 ni àbí 47?" Ẹni tó kọ ọ́ ti fi ìrù sí nọ́ńbà ìkẹyìn. Mo wo ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀: ọ̀kànlélógójì ni. Ohun tí mo kà ló jẹ́ ká mọ iye tá a máa kà.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni! À ń ka ìwé, à ń ka owó. Èsì tó ṣeé kà, fún ojú àti fún ìṣirò, kí ni dátà tún ń wá?

Mo sọ fún ìyá oníbúrẹ́dì pé, "À ń sọ èsì ìbò di kíkà ni, Mà."

Wọ́n wò mí. "Ṣé wọn ò tíì kà á ni?"

"Wọ́n ti kà á, Mà. Ó ku kí àwa náà kà á."