Ọdún tí Awakọ̀ Tún Ọwọ́ Títì Kọ́

Àwọn ọmọ Ẹdúnàbọ̀n, ìlú wa, tó ti ṣí lọ sí Ìlú Ọba máa ń ráhùn sí mi lórí fóònù. Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà tí wọ́n mú lọ kò ju oṣù 12 lọ lọ́hùn-ún. Bí ọdún bá ti yípo, àfi kí wọ́n gba ìwé akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n ṣe ìdánwò ìwé, kí wọ́n tún ṣe ti ojú títì. Ẹni tó ti South Africa tàbí Zimbabwe dé, pípààrọ̀ ló ń pààrọ̀ tirẹ̀. Ó ń dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ni awakọ̀ àkọ́kọ́ nínú wa tó máa tún ìwakọ̀ kọ́.

Ọwọ́ òsì ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ká máa gbà. Dàhòmì, Nìjẹ̀ẹ̀, Ṣáàdì àti Kamẹrúùnù, gbogbo àwọn tó múlé tì wá, ọwọ́ ọ̀tún ni tiwọn. Ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon wá pàṣẹ pé láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, ọwọ́ ọ̀tún ni kí gbogbo mọ́tò máa gbà. Ọjọ́ Àjíǹde ló bọ́ sí. Ghana ṣe tirẹ̀ ní 1974.

Bọ́lẹ́kájà ni bàbá mi ń wà nígbà náà, ó ń kó èrò àti kòkó lọ sí Ìbàdàn. Títì yí padà, mọ́tò kò yí: apá ọ̀tún ni sítíárìn ṣì wà. Bí bàbá bá fẹ́ kọjá ọkọ̀ tó wà níwájú, kò rí ohun tó ń bọ̀. Mọ́tòbọ́ì ló di ojú rẹ̀. Á rọ̀ mọ́ apá òsì, á na ọrùn síta, á kígbe pé, “Ọ̀gá, ó dá!” tàbí “Ẹ dúró, ó ń bọ̀!” Ní ìkóríta, bàbá máa ń sọ ọ́ sókè fún ara rẹ̀: “Ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún.” Kò sẹ́ni tó sọ pé kò mọ ọkọ̀ wà.

Ẹ̀kọ́ tó ti kọ́ ló gbè é. Nígbà ayé wọn, mọ́tòbọ́ì á fọ ọkọ̀, á gbé igi sídìí táyà lórí òkè, á sun inú ọkọ̀ fún ọdún mélòó kan, kí ọ̀gá tó jẹ́ kó jókòó sídìí sítíárìn.

Nígbà tó yá, títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń pa wá lọ́mọ. Wọlé Ṣóyínká, olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, kò dákẹ́. Ní 1977, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí àwa náà wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà yẹn, dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀, sílẹ̀ ní 1988, Ṣóyínká ni alága àkọ́kọ́.

Ní ti ìdánwò tí àwọn ọmọ wa ń ráhùn sí, láti 1935 ló ti di dandan ní Ìlú Ọba, orílẹ̀-èdè tí wọ́n bá sì gbà pé ìdánwò rẹ̀ tó tiwọn ni wọ́n ń bá pààrọ̀ ìwé. Ẹ̀yin tó wà lọ́hùn-ún, ẹ lọ ṣe ìdánwò náà láìbojú wẹ̀yìn. Ọwọ́ òsì tí ẹ ń kọ́ ni àwọn bàbá yín mọ̀ kí ó tó di 1972. Ẹ̀yin tó wà nílé, ẹni tó fi owó ra láísẹ́ǹsì láìṣe ìdánwò ń ba orúkọ ìwé gbogbo wa jẹ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́ ọ dáadáa, kí wọ́n yẹ̀ wá wò dáadáa. Ọ̀nà nìyẹn tí ìwé wa fi lè níyì lẹ́yìn odi.